Ìdílé Tí Ó Ń Lọ Sìn ní Ilẹ̀ Òkèèrè



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni ti ìdílé tí ó bá dìde, baba, ìyá àti ọmọ, láti lọ ṣe iṣẹ́ àánú ní ilẹ̀ ẹlòmíràn láìgba owó ọ̀yà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó bí ọ̀rọ̀ náà. Ìdílé mélòó kan nínú ìjọ yìí ń gbèrò àtilọ sí ilẹ̀ Benin àti Togo ní ìgbà ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì bẹ̀ wá pé kí ìjọ bá wọn san owó ọkọ̀. Àwọn kan ní kí a san án, àwọn kan ní rárá. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre, ó yẹ kí a wo àwọn tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá.

Ní ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Ìbàdàn lábẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S. Wọn kò bí ọmọ, síbẹ̀ ilé wọn ní Kúdẹ̀tì kò dákẹ́ nígbà kan. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n lè kọ́ ìwé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ìyá náà kọ́ èdè Yorùbá. A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo èyí, nítorí ẹni tí kò gbọ́ èdè onílé, àlejò ni títí tí yóò fi padà.

Ní ọdún 1860 ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀nà dí, owó àti ẹrù kò sì lè ti Èkó gòkè wá bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Fún nǹkan bí ọdún 5 ni wọ́n fi wà nínú ìhámọ́ yìí. Wọ́n ta ohun ìlò ilé wọn lọ́jà kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Ẹ̀wà àti iṣu ni àwọn àti àwọn ọmọ náà jùmọ̀ ń jẹ, kì í sì í tó wọn. Àwọn ọmọ tí a wá tọ́jú àti àwọn tí ó wá tọ́jú wọn ń bá ebi kan náà jà nínú ilé kan ṣoṣo. Ó dá wa lójú pé ní ọdún wọ̀nyí gan-an ni Ìbàdàn mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ìkòròdú pẹ̀lú, bí àwọn ọ̀dọ́ wa kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú yìí, nítorí pé Ìkòròdú ń bá Ìbàdàn ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún náà ni àwọn ọmọ-ogun tí Glover, alákòóso Èkó, rán wá tú ibùdó náà ká. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Glover rán Ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn, a sì fi àga ìrọ̀gbọ̀kú aláṣọ tí a ń fi èjìká rù gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó. Ó tún padà sí Ìbàdàn ṣá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní ọdún 1870 ni ó kú ní ìlú rẹ̀. Daniel Olúbi, tí ó ti jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn, ni ó di iṣẹ́ Ìbàdàn mú. Wọ́n fi í jẹ díákónì ní 1871, ó sì di àlùfáà ní 1876.

Ní àkókò tiwa, àwa náà ti di ẹni tí ń ránni lọ. Ní ọdún 1987 ni ìjọba Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, tí ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Káríbíánì àti Pàsífíìkì fún ọdún 2. Ìlú tí ó fẹ́ ènìyàn ni ó ń béèrè, òun ni ó sì ń sọ irú ẹni tí ó fẹ́.

Ẹ fi èyí wé ètò tí ó wà níwájú wa. Ọ̀sẹ̀ 2 ni. A béèrè ohun tí wọn yóò ṣe níbẹ̀. A ní wọn yóò kun ilé-ìwé kan ní ọ̀dà, wọn yóò sì bá àwọn ọmọ ilé aláìlóbìí ṣeré. Ṣé kò sí akunlé ní Kutọnu ni? Ọmọ ọdún 13 tí ó bá gba búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, owó oúnjẹ baba ẹlòmíràn ni ó gbà. Ní ti àwọn ọmọ aláìlóbìí, ẹni tí a ti já sílẹ̀ nígbà kan ni wọ́n. Bí àlejò bá dé, tí ó gbé wọn jó, tí ó sì lọ ní ọjọ́ kẹrìnlá, tí òmíràn tún dé, a ń kọ́ wọn pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn wọn kì í dúró ni. Èyí ni ó dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

A kò sọ pé kí ìdílé má lọ. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà ń kó ìyàwó àti ọmọ wá sílé láti wá fún aláìsàn ní oògùn, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ tí a bí lọ́hùn-ún, ara wọn kò mọ ibà ẹ̀fọn, àwọn òbí tí ó sì ti pẹ́ lọ́hùn-ún kò mọ̀ ọ́n tó ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1841 nǹkan bí òyìnbó 40 ni ibà pa nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya. Ní 1854 Dókítà Baikie mú kí àwọn èrò ọkọ̀ tirẹ̀ máa lo kuníìnì, kò sì sí ẹni tí ó kú. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń ti ìhín lọ, kí òun náà gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí a bá gbà á tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Nítorí náà, èyí ni èrò wa. Ẹ̀sítéètì ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó yí wa ká kún fún àwọn ará ìjọ yìí tí ó mọ irin jó, tí ó mọ iná mànàmáná ṣe, tí ó lè tún ẹ̀rọ amúnáwá ilé ìwòsàn ṣe. Nọ́ọ̀sì wà láàrin wa. Bí ìjọ kan tàbí ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ òkèèrè bá kọ̀wé béèrè ọ̀kan nínú wọn, tí ó sì gbà láti dúró tó ọdún kan, tí ó sì fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ dání, kí àwọn ọmọ rẹ̀ bá àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó ní ilé-ìwé kan náà, kí a san owó ọkọ̀ gbogbo wọn láìjanpata. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó fi owó ara rẹ̀ lọ, kí ó sì pè é ní ìgbafẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, Kutọnu sì dára láti wò.

Ìpàdé ìjọ ni yóò pinnu. Títí di ìgbà náà, kí àwọn ìdílé tí ó ti kọ orúkọ sílẹ̀ mú lẹ́tà wá fún akọ̀wé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ sìn, kí a lè rí ohun tí wọ́n béèrè.