Ẹ Kà Á Sókè: Ọ̀rọ̀ Ìrántí Ọ̀gá Wa

Ẹ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọ̀gá wa tí a sin ní oṣù tó kọjá. Iṣẹ́ náà wù wá, ó sì nira fún wa. Wọn kì í ṣe ọ̀gá wa nìkan, ọ̀rẹ́ wa tímọ́tímọ́ ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ fi ogún ọdún jù wá lọ. "Àbúrò" ni wọ́n ń pè wá títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Púpọ̀ nínú yín kò mọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. "Bàbá Kà-á-sókè" ni wọ́n ń jẹ́ káàkiri abúlé. Ìdí orúkọ yìí ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a wọ iṣẹ́ alábẹ̀wò ẹgbẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí dípúlómà ni. A rò pé kò sí ìṣirò tí a kò mọ̀. Ọ̀gá mú wa lọ sí ẹgbẹ́ kan ní abúlé àwọn àgbẹ̀ kòkó. A ṣí lẹ́jà, a ro owó tó wọlé, a ro èyí tó jáde, gbogbo rẹ̀ bára mu. A ní iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé o ti rí owó náà?"

A kò tíì ṣí àpótí. A ṣí i, a ka owó inú rẹ̀, ó pé. Wọ́n tún ní kí a jókòó láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí a máa ka orúkọ àti iye owó olúkúlùkù sókè. Nígbà tí ó kan ìyá àgbà kan tí ń ta epo pupa, ìyá náà ní, "Owó mi kò pé. Ó ku ẹ̀ẹ̀méjì." Ìyá yìí kò mọ̀wé, ìwé ọwọ́ wọn sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá dáwó, wọ́n a fi èédú fa ìlà kan sára ògiri ilé ìdáná wọn. A lọ ka àwọn ìlà náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Akọ̀wé gba owó ẹ̀ẹ̀méjì, kò kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì fi í sínú àpótí. Ìdí nìyẹn tí ìwé àti àpótí fi bára mu tí owó ìyá kò sì pé.

Ọ̀gá kò pariwo. Akọ̀wé jẹ́wọ́ lójú ẹgbẹ́, ó san owó náà padà, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọ̀gá mú wa lọ síbi ìkómọ. Ẹnu yà wá. Wọ́n ní torí kí àwa àti òun lè tún jọ jẹun ni a ṣe ka owó náà.

Wọ́n fẹ́ràn ìtàn ẹgbẹ́ púpọ̀. Wọ́n a sọ nípa àwọn ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi pọ́n-ùn 28 péré bẹ̀rẹ̀ ìtajà bọ́tà, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ní 1844. Wọ́n a sọ nípa ìwádìí tí Strickland ṣe nípa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1934, tí òfin ẹgbẹ́ sì tẹ̀lé e ní 1935. Wọ́n á wá bi wá pé, ṣé kí òfin tó dé, àwọn bàbá wa kò dá èésú ni? Ṣé wọn kò ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀? Wọ́n ṣe é. Ohun tí òfin fi kún un, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti ń wí, ni ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n ṣí fún òun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tó dun àwa fúnra wa. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwa àti ọ̀gá jọ wà, wọ́n yá owó láti fi tọ́jú ìyàwó wọn tó ń ṣàìsàn. Àwa ni a ṣe onígbọ̀wọ́ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìntì, àìsàn dé sí àwọn náà, oṣù mẹ́ta sì kọjá tí wọn kò rí owó san. Àwa ni a ń ka ìwé nípàdé nígbà náà. Nígbà tí a dé orí orúkọ wọn, a fò ó. Ojú ń tì wá nítorí wọn. Ẹ̀rù tara wa náà sì wà níbẹ̀, torí bí a bá kà á, wọ́n á béèrè onígbọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá, wọn kò sì fún wa ní ìjókòó. Wọ́n ní, "Bí o bá fo tèmi, ta ni o tún lẹ́nu láti ka tirẹ̀?" Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wá, wọ́n jókòó síwájú. Ohùn wa ń gbọ̀n bí a ti ń ka orúkọ wọn, iye tó kù, àti oṣù tí wọ́n jẹ. Wọ́n dìde, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì bẹ ẹgbẹ́ fún àkókò sí i. Ẹgbẹ́ gbà. Kò sí ẹni tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọn kò san án tán kí wọ́n tó kú. Kí a tó sin wọ́n, àkọ́bí wọn obìnrin mú ìyókù owó wá. Ó ní bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbèsè ẹgbẹ́ ni kí àwọn kọ́kọ́ san kí àwọn tó ra màlúù. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìsìnkú rí i pé màlúù náà kéré. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọ sì ti gbà wá láyè láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ bọlá fún wọn, ẹ má fi ìwé ọwọ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ ka àpótí kí ẹ tó ṣí lẹ́jà. Ẹ béèrè pé kí wọ́n ka owó olúkúlùkù sókè. Ẹ má fo ti alága, ẹ má fo ti ọ̀rẹ́ yín, ẹ má sì fo ti alábẹ̀wò.

Ọ̀gá wa, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì tọ́jú ìyá ilé àti àwọn ọmọ tí ẹ fi sílẹ̀.