Páálí Oògùn Tí Ń Dáhùn

Ọ̀rọ̀ oògùn ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ìyá àgbà kan wá sí Wuse láti bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí a lọ kí wọn, wọ́n fa páálí oògùn àtọ̀gbẹ wọn yọ, wọ́n ní kí á bá àwọn wò ó bóyá ojúlówó ni. Ọmọ wọn ha ojú ibi tí a fi ọ̀dà bò lára páálí náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ha káàdì fóònù. Nọ́ńbà hàn, ó sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Kò pẹ́ tí èsì fi dé pé ojúlówó ni. Ìyá rẹ́rìn-ín. “Fadá, ṣé wọ́n ní kí n máa lò ó lọ nìyẹn?”

Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí á lè dákẹ́.

NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Wuse níhìn-ín, ni ó gbé ètò náà kalẹ̀ ní ọdún 2010 pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Sproxil. Glucophage, oògùn àtọ̀gbẹ, ni a kọ́kọ́ fi dán an wò. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Ní ọdún 1988, àbúrò Dora Akunyili kú nítorí ayédèrú insulin. Akunyili yìí kan náà ni ó di ọ̀gá àgbà NAFDAC ní ọdún 2001. Lóde òní, àkọsílẹ̀ tí NAFDAC pè ní Greenbook wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti lè wá orúkọ oògùn tí a fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì lè da nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ẹlòmíràn kọ sára páálí tirẹ̀.

Ní ti ìbéèrè ìyá, a ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Metformin, èyí tí ó wà nínú Glucophage, ni oògùn ọwọ́ wọn. Kí dókítà tó ní kí àgbàlagbà máa lò ó nìṣó, yóò fẹ́ mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti iye ṣúgà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Páálí nìkan ni èsì orí fóònù mọ̀, kò mọ ẹni tí yóò gbé oògùn mì. Ọ̀pọ̀ nínú wa a sì máa fi owó oògùn ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, láìbéèrè ju pé ṣé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

A bi ọmọ náà pé ìgbà wo ni a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò kẹ́yìn. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá náà wo ojú tirẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí ilé-ìwòsàn.