Ojúlé Ìlú Wa Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Yóò Máa Gbálẹ̀ Ibẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí a fẹ́ ṣe fún ìlú lẹ ní kí n sọ. Mo gbọ́ pé owó ti ń wọlé, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi ṣe? Tó bá jẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìwúyè nìkan la fẹ́ kó síbẹ̀, WhatsApp tó bẹ́ẹ̀, kò sídìí tá a fi ń dáwó.

Ohun tó yẹ ká ṣe ni ojúlé tí ará ìlú ti lè sọ pé borehole àdúgbò òun ti bàjẹ́, kí gbogbo wa rí ọjọ́ tó sọ ọ́, ẹni tá a rán lọ wò ó, àti iye tá a ná. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ FixMyStreet, láti 2007 ló ti wà: ẹ ó fi àmì sí ibi tí títì ti lu lórí máàpù, ẹ ó kọ ohun tẹ́ ẹ rí, yóò dé ọ̀dọ̀ káńsù, tọmọdé tàgbà á sì rí i. Nílé níbí, BudgIT bẹ̀rẹ̀ Tracka ní 2014. Wọ́n ń mú iṣẹ́ tí ìjọba kọ sínú ìṣúná lọ bá àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i?" Ẹ ṣàkíyèsí pé èèyàn ló ń fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ o, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Kíkọ́ ojúlé yìí ò le. Ẹ̀yìn ìfilọ́lẹ̀ ló máa ń kú. Ọdọọdún là ń sanwó orúkọ rẹ̀. Bí a ò bá san án, yóò pa rẹ́, ẹlòmíràn sì lè rà á. Mo mọ ẹgbẹ́ ìlú kan (kì í ṣe tiwa) tó jẹ́ pé ọmọ tó bá wọn ṣe é ló fi orúkọ ara rẹ̀ rà á. Ìjà owó dé, ọmọ náà rìnrìn àjò, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Títí di òní, wọn ò rí nǹkan kan gbà padà. Nítorí náà, orúkọ ẹgbẹ́ ni ká fi rà á, ímeèlì ẹgbẹ́ ni kó wà níbẹ̀, kí akọ̀wé àti akápò jọ mọ pásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ tún rántí ìyá tó ń tajà lọ́jà wa. Fóònù kékeré ló ní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège. Bí a bá kó fọ́tò ràgàjì síbẹ̀, dátà rẹ̀ á tán kó tó ṣí. Ẹ jẹ́ kó lè pe ẹnì kan nílé, kí onítọ̀hún bá a kọ ọ́. Bó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, kò ní padà wá mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká ya ìdajì owó yìí sọ́tọ̀ fún dátà àti owó ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa fojú ara wọn wo nǹkan kí wọ́n tó kọ ọ́.

Àwọn kan ní ká má gbé ìnáwó ẹgbẹ́ síbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Báwo la ṣe fẹ́ bi káńsù léèrè owó tiwọn nígbà tí tiwa wà lábẹ́ ẹní?

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ọ̀dọ́ méjì wá. Àwọn tó ń gbélé ni o, kì í ṣe àwọn tá à ń rí lọ́dún Kérésì nìkan.