Ọjọ́ Tí A Tà Láwìn Ni A Ti Ń Gba Gbèsè

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni a fẹ́ sọ: bí àwọn oníṣòwò kéékèèké ìlú wa yóò ṣe máa gba owó wọn lọ́wọ́ oníbàárà láìdi ọ̀tá ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan. Bí obìnrin kan bá ra ọjà kan ní ₦9,500, tí ó sì ń tà á ní ₦10,000, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦500. Bí oníbàárà bá gbé ẹyọ kan láwìn tí kò san, ó di ìgbà tí obìnrin náà bá ta irú rẹ̀ mọ́kàndínlógún kí èrè rẹ̀ tó dí owó tí ó sọnù. Gbèsè mẹ́ta mẹ́rin irú èyí tó láti ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ pa, kí owó ilé-ìwé ọmọ sì di àwátì.

Kì í ṣe òní ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, bí ológò ṣe máa ń lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé: yóò kó ìyọnu bá gbogbo agboolé, yóò pa adìyẹ tí ó bá rí jẹ, kò sì ní í kúrò títí owó yóò fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láwìn ní ọ̀rúndún tí ó kọjá ní ọgbọ́n tiwọn náà. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó síwájú onígbèsè, pé òṣó ni àwọn yóò ló títí owó àwọn yóò fi pé. Ibẹ̀ ni a ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ọ̀nà wọ̀nyí gba owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtìjú ni wọ́n fi ń gbà á. Nínú ìlú tí a ti jọ ń ṣe àna, tí a sì jọ ń sin òkú, ẹni tí a dójú tì lónìí ni a óò bá pàdé nínú ẹbí lọ́la.

Ẹ wo ọ̀nà mìíràn. Àwa ará Rẹ́mọ mọ Sábó Ṣàgámù dáadáa nítorí òwò obì. Ní Sábó Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1916, ọ̀mọ̀wé Abner Cohen ṣe ìwádìí lórí òwò obì àti màlúù àwọn Haúsá, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969. Ó rí i pé àwìn ni àwọn alápatà ń gbé màlúù, ṣùgbọ́n onílé tí ó gba oníṣòwò sọ́dọ̀ ni ó ń ṣe onídùúró. Bí alápatà kò bá san, ọrùn onílé ni gbèsè náà wà. Nítorí náà, kí màlúù tó kúrò lọ́jà ni ètò owó rẹ̀ ti parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń tijú láti béèrè ọjọ́ ìsanwó nígbà tí ọjà ṣì wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kì í tijú láti pariwo nígbà tí ọjà bá ti lọ. Ẹ jẹ́ kí a yí i padà. Ẹ ní ìwé kan. Ẹ kọ orúkọ, ohun tí a gbé, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí a óò san án. Kí oníbàárà fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Ẹni tí kò tíì san ti àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní ìkejì. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ rán an létí ní kọ̀rọ̀, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ má fi ọlọ́pàá mú un. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Ẹ kọ́kọ́ pe àgbà ilé. Kóòtù ni kí ó kẹ́yìn, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀yin tí ń ṣòwò ní Èkó mọ̀ pé ìpínlẹ̀ náà dá kóòtù gbèsè kéékèèké sílẹ̀ ní 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé ni adájọ́ yóò fẹ́ rí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tí ẹ bá ránṣẹ́ sílé pé kí a gbé aṣọ ẹbí àti ohun mímu láwìn fún ìnáwó, owó iṣẹ́ ọlọ́jà kékeré ni ẹ fi ń ṣe àlejò. Ẹ san án kí ẹ tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó san gbèsè ọlọ́jà kan ti tún ìlú ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá owó kọ́ gbọ̀ngàn.

Kí òwò má ṣe kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú wa.