Alàgbà Jẹ́jẹ́ Kọ́ Ló Kó Owó Náà

(Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe tẹ̀ ẹ́.)

  

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo ń kọ sórí gúrúùpù wa, adùn rẹ̀ àti ìnira rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe adùn rẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó mú kí n dá ìtàn náà dúró ní apá kẹsàn-án. Mo máa sọ ọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Inú àpótí bàbá mi àgbà ni mo ti rí Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde lọ́dún 1969. Mo ti rò pé ìtàn ọdẹ àti iwin nìkan ló wà nínú ìwé Yorùbá. Lápàdé ni mo bá pàdé níbẹ̀, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tó ń lé ọ̀daràn kiri. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ìwé Kọ́lá Akínlàdé, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Akin Olúṣínà tirẹ̀ fara balẹ̀ ju Lápàdé lọ, ìbéèrè àti àròjinlẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo ní èmi náà á gbìyànjú.

Tèmi, owó tiransifọ́mà ló dá lé lórí. Ará ìlú kan dáwó jọ, owó dàwátì nínú àpótí ẹgbẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta.

Iṣẹ́ yìí le o. Ẹ̀yìn la ti ń kọ ọ́ bọ̀ níwájú. Kí n tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ ti mọ olè, kí n mọ ọjọ́ tó jalè, kí n mọ ibi tó kó owó sí. Lẹ́yìn náà ni màá wá máa bò ó. Mi ò sì gbọdọ̀ bò ó pátápátá, torí tẹ́ ẹ bá dé ìparí tẹ́ ẹ rí i pé mi ò fi àmì kankan sílẹ̀, mo ti rẹ́ yín jẹ nìyẹn. Àmì gbọ́dọ̀ wà níta gbangba, kí ojú yín sì fò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ apá kẹta nítorí bàtà kan ṣoṣo.

Ìyá kan tún pè mí lẹ́yìn apá kejì, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí wọn ò kó gbogbo wọn lọ búra níwájú Ògún, kí ọ̀rọ̀ parí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Òótọ́ sì ni, ohun tí ìlú bíi tiwa máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Mo bá kọ ọ́ sí apá kẹrin: gbogbo wọn fẹnu kan irin, olè náà fẹnu kàn án láì gbọ̀n. Apá yẹn lẹ fẹ́ràn jù. Ìyá yẹn ló ni ín, èmi kọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dórí Alàgbà Jẹ́jẹ́.

Nínú irú ìtàn yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí gbogbo èèyàn á máa fura sí, tí kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Kí Alàgbà lè jọ èèyàn gidi, mo fún un ní ìṣesí kan: kó tó jókòó, á yọ aṣọ ìnujú, á fi nu àga lẹ́ẹ̀mejì, á wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ìṣesí bàbá kan nílùú yìí ni. Láti kékeré ló ti ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo kàn mú un lò, mi ò rò ó jinlẹ̀. Bàbá ti fún mi láyè kí n sọ èyí, mi ò sì ní dárúkọ wọn.

Apá kẹjọ jáde ní alẹ́ Sátidé. Kó tó di Mọ́ńdè, àwọn ọmọ kan ti ń pe bàbá ní "Alàgbà Jẹ́jẹ́" lójú títì. Apá kẹsàn-án wá bà á jẹ́ pátápátá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti bá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò Alàgbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìdánwò mi bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Mo ní kẹ́ ẹ dúró dè mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́.

Ẹni tó ń ka ìwé Akínlàdé lè fura sí aláìṣẹ̀ nírọ̀lẹ́, kó sì mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ni kó tó sùn. Èmi fi aláìṣẹ̀ tèmi sílẹ̀ lójú ayé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò kó nǹkan kan.

Mo délé, mo lọ dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò bínú bí mo ṣe rò, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Wọ́n ní ọmọ wọn pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ń bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni owó ẹgbẹ́ sọnù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ bíbí inú wọn o! Ẹnì kan ló gé apá kẹsàn-án nìkan, ó yọ "ìtàn àròsọ" tí mo kọ sókè rẹ̀, ó yọ orúkọ mi, ó fi ránṣẹ́ káàkiri.

Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes nínú ìtàn lọ́dún 1893 torí ó ti sú u. Àwọn òǹkàwé ò gbà fún un, ó sì dá a padà ní 1903. Tèmi kò sú mi, ojú ló tì mí. Mo ní màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bàbá ní, "Rárá o. Tó o bá pa á rẹ́, èmi lolè náà títí láé nìyẹn. Lọ parí ẹ̀." Wọ́n wá rọra bi mí pé, ta ló kó o gan-an? Mi ò sọ.

Adùn iṣẹ́ yìí ńkọ́? Owó kọ́. Dátà tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ni gbogbo ohun tí mo tíì rí gbà. Àmọ́ ọmọ kan tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ń ka apá karùn-ún, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò níbi tí kò yẹ. Ó ní òun fẹ́ mọ olè ṣáájú ìyá òun ni. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.

Apá kẹwàá máa jáde ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Mo ti kọ gbogbo èyí tó kù tán, mi ò tún ní gbé ìtàn síta láì tíì kọ ọ́ parí. Apá kejìlá ló yẹ kí Alàgbà Jẹ́jẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́. Mo ti fà á wá sí apá kẹwàá. Àga tó ń nù yẹn, bàbá ní kí n má yọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ síbòmíì, ẹ jọ̀ọ́, kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, tòun ti àkọlé.