Báìtì Iwájú: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá Irú Fáìlì Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Mọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba, Monrovia, Làìbéríà

Ohun tí àmì báìtì jẹ́

Gbogbo fáìlì kọ̀ǹpútà, ì báà jẹ́ lẹ́tà, àwòrán tàbí ohùn, báìtì tó tò tẹ̀léra ni. Báìtì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ òǹkà kan láàárín 0 àti 255. Ìlànà tí sọ́fíwìà tẹ̀ lé nígbà tó ń kọ báìtì sílẹ̀ ló ń sọ àwọn kan di lẹ́tà, tó sì ń sọ àwọn mìíràn di àwòrán. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ a máa fi báìtì mélòó kan tí kì í yí padà sí iwájú fáìlì, kí sọ́fíwìà tó bá fẹ́ ṣí i lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá tòun ni. Àwọn báìtì wọ̀nyí ni à ń pè ní àmì báìtì.

Àmì yìí yàtọ̀ sí ìrù orúkọ fáìlì, ìyẹn lẹ́tà mélòó kan tó ń tẹ̀lé àmì ìdánudúró, bíi .doc, .jpg tàbí .dbf. Ìta fáìlì ni orúkọ wà. Ẹnikẹ́ni lè yí i padà, ó sì lè gé sọnù nígbà tí wọ́n bá ń kó fáìlì láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Kọ̀ǹpútà Macintosh àtijọ́ kò tilẹ̀ nílò ìrù orúkọ rárá. Yàtọ̀ sí èyí, ìrù kan náà lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ sọ́fíwìà: àwọn tó lo WordStar, WordPerfect àti Microsoft Word ni gbogbo wọn ti fi .doc parí orúkọ ìwé wọn rí. Orúkọ ń sọ ohun tí ẹnì kan pe fáìlì náà. Báìtì iwájú ń sọ ohun tí sọ́fíwìà kọ sínú rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Làìbéríà

Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún 1989, tí àdéhùn àlàáfíà Accra fòpin sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, run ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba ní Monrovia. Lẹ́yìn ogun náà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú ìwé tuntun. Òfin ọdún 2005 dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní TRC, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ẹ̀rí tó lé ní 17,000 ni ìgbìmọ̀ náà gbà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Làìbéríà tó wà ní Amẹ́ríkà náà jẹ́rìí. Àjọ Benetech láti Amẹ́ríkà ran ìgbìmọ̀ náà lọ́wọ́ láti kó ẹ̀rí wọ̀nyí jọ sínú dátábéèsì àti láti ṣe ìṣirò wọn. Ìjókòó gbangba bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008, ìròyìn ìkẹyìn sì jáde ní 2009.

Àárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ìgbékalẹ̀ fáìlì Word yí padà. Office 2007, tó dé ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, mú .docx rọ́pò .doc, inú àwọn méjèèjì kò sì jọra rárá. Ọ́fíìsì yòówù tó bá ń kọ̀wé ní Monrovia láti 2006 dé 2009 lè ní irú méjèèjì lórí dísíkì kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn fáìlì tó ti dàgbà jù wọ́n lọ. Làìbéríà ní àjọ tí òfin fi ìtọ́jú ìwé ìjọba lé lọ́wọ́, Center for National Documents and Records Agency, ní Monrovia. Kò sí àjọ tó lè tọ́jú ohun tí kò mọ irú rẹ̀. Ẹ̀rí ẹni tí ogun pa ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣègbé nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ sọ́fíwìà tí wọ́n fi kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ka báìtì

Òǹkà Yorùbá dúró lórí ogún. Òǹkà tí wọ́n fi ń kọ báìtì dúró lórí mẹ́rìndínlógún. Láti 0 dé 9, kò sí ìyàtọ̀ sí òǹkà ojoojúmọ́. Lẹ́yìn 9, A dúró fún 10, B fún 11, títí dé F tó dúró fún 15. Nítorí náà, àmì méjì péré tó láti kọ báìtì kan: 00 ni 0, 41 ni 65 nítorí pé ìdì mẹ́rìndínlógún mẹ́rin àti ẹyọ kan ni, FF sì ni 255. Nínú ìlànà ASCII, báìtì 41 ni lẹ́tà A. Sọ́fíwìà tó ń ṣàfihàn báìtì a máa to mẹ́rìndínlógún sórí ìlà kan, a sì kọ lẹ́tà tó bá wọn mu sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ni olùtọ́jú ìwé ti sábà máa ń kọ́kọ́ rí ohun tó yé e.

Àmì àwọn ìwé kíkọ

Fáìlì WordPerfect láti ẹ̀dà 5.0 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF 57 50 43. Báìtì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni lẹ́tà WPC. Word ti orí DOS bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 31 BE. Fáìlì RTF bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà {\rtf. PDF, tó jáde ní 1993, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú %PDF- tí nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, bíi 1.4.

Word 97 títí dé Word 2003 ń kọ báìtì mẹ́jọ síwájú: D0 CF 11 E0 A1 B1 1A E1. Ṣùgbọ́n Excel àti PowerPoint ìgbà náà ń kọ báìtì mẹ́jọ kan náà, nítorí pé àpótí kan ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí náà ní láti wá orúkọ inú rẹ̀: WordDocument fún ìwé, Workbook fún ìṣirò, PowerPoint Document fún àwòrán ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ .docx rí. Báìtì iwájú rẹ̀ ni 50 4B 03 04, ìyẹn àmì ZIP. Lẹ́tà PK tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz, ẹni tó ṣe PKZIP ní 1989. Ìwé .xlsx, ìwé LibreOffice .odt àti ZIP lásán ń pín àmì yìí lò. Nínú .odt, ọ̀rọ̀ náà mimetype máa ń hàn lẹ́yìn ọgbọ̀n báìtì àkọ́kọ́, irú ìwé náà sì tẹ̀ lé e ní lẹ́tà tó ṣeé kà; nínú .docx, fódà kan wà tó ń jẹ́ word.

Ohun kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rí àṣírí fi sọ́kàn. Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti .docx pa, kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PK mọ́. Sọ́fíwìà á gbé e sínú àpótí àtijọ́, báìtì iwájú rẹ̀ á sì di D0 CF 11 E0. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé ẹnì kan ló ṣi orúkọ kọ, nígbà tó jẹ́ pé àmì ìtìpa ló ń wò.

Àmì àwọn àkójọ dátà

dBASE ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì fi ń to orúkọ àti owó ní àwọn ọdún 1980 àti 1990. Báìtì kan ṣoṣo ni àmì dBASE III: 03, tàbí 83 bí fáìlì àkọsílẹ̀ gígùn bá tẹ̀ lé e. Báìtì kan kéré jù láti fi dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ̀ lé e ṣeé fi wádìí rẹ̀. Ká ní fáìlì kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: 03 63 07 0F 2C 01 00 00 A1 00 50 00. Lẹ́yìn 03, báìtì mẹ́ta ń sọ ọjọ́ tí wọ́n tún un kọ kẹ́yìn: 63 ni 99, 07 ni oṣù keje, 0F ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ní ọdún 1999. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni iye ìlà, èyí tó kéré jù ló ń ṣáájú: 2C jẹ́ 44, 01 dúró fún 256, àpapọ̀ wọn jẹ́ 300. A1 sọ pé orí fáìlì gba báìtì 161. 50 sọ pé ìlà kọ̀ọ̀kan gba 80. Ìlà 300 ní ọ̀nà 80 jẹ́ 24,000. Bí 161 bá kún un, pẹ̀lú báìtì 1A kan tó ń pa fáìlì dé, ó di 24,162. Bí fáìlì náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, dBASE ni. Bí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ irú mìíràn, tàbí kí apá kan ti sọnù nínú rẹ̀.

Lotus 1-2-3 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00 00 02 00. Dátábéèsì Access àtijọ́ ń kọ Standard Jet DB lẹ́yìn báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́. Fáìlì SPSS, tí àwọn oníṣirò ìlú ń lò, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $FL2.

Àmì àwòrán, ohùn àti fídíò

JPEG bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, GIF pẹ̀lú GIF87a tàbí GIF89a. TIFF bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú II tàbí MM, gẹ́gẹ́ bí ètò tí wọ́n fi to báìtì, òǹkà 42 sì tẹ̀ lé e. WAV àti AVI ń pín RIFF lò. Báìtì kẹsàn-án sí ìkejìlá ló ń sọ èyí tó jẹ́ ohùn àti èyí tó jẹ́ fídíò. Fídíò inú DVD bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00 00 01 BA.

Àmì PNG ni wọ́n fi ọgbọ́n ṣe jù lọ: 89 50 4E 47 0D 0A 1A 0A. 89 wà níbẹ̀ nítorí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tó máa ń gé báìtì kù. Bí ó bá gé e, 89 á di 09. 0D 0A àti 0A tó gbẹ̀yìn ń fi hàn bí ẹ̀rọ kan bá ti yí àmì ìparí ìlà padà. 1A ni DOS fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nípa báyìí, báìtì mẹ́jọ yìí ń sọ irú fáìlì náà, ó sì tún ń sọ bóyá ó farapa lọ́nà.

Gbogbo àmì kọ́ ló wà níwájú. Ti àkójọ fáìlì tar, ìyẹn ọ̀rọ̀ ustar, wà lẹ́yìn báìtì 257. Ti àwòkọ CD, ìyẹn CD001, wà lẹ́yìn báìtì 32,769.

Fáìlì tí kò ní àmì

Ọ̀rọ̀ lásán àti CSV kò ní àmì kankan. Ìhùwàsí báìtì wọn nìkan ni ẹ̀rí. WordStar àtijọ́ máa ń fi 128 (80 nínú òǹkà báìtì) kún lẹ́tà tó parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé e, tó yẹ kó jẹ́ 65, á di E5. Ẹni tó bá rí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún àmì àjèjì lè fura sí WordStar.

Èdè tí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà tún ń ran ìwádìí lọ́wọ́. Nínú UTF-8, ìyẹn ìlànà tó ń sọ lẹ́tà gbogbo èdè di báìtì, ẹ ni E1 BA B9, ọ ni E1 BB 8D, ṣ sì ni E1 B9 A3. Níbi tí àwọn wọ̀nyí bá ti pọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Yorùbá. Làìbéríà ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀, èyí tí Momolu Duwalu Bukele ṣe fún èdè Vai ní àwọn ọdún 1830. Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà àgbáyé fún kọ̀ǹpútà, gba ọ̀nà ìkọ̀wé náà wọlé nínú ẹ̀dà 5.1 ní ọdún 2008. Láti ìgbà náà, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà Vai kọ̀ọ̀kan nínú UTF-8: èkíní ni EA, èkejì sì wà láàárín 94 àti 98. Èyí tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀ ṣáájú 2008 kò ní irú báìtì bẹ́ẹ̀. Bí fọ́ǹtì náà bá sọnù, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀ ni yóò hàn. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n tọ́jú fọ́ǹtì náà pọ̀ mọ́ ìwé náà. Ohun kan náà kan ìwé Yorùbá tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀.

Sọ́fíwìà ìdánimọ̀

Unix ti ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ file láti 1973. Ian Darwin kọ èyí tó wà káàkiri lónìí ní àárín àwọn ọdún 1980. National Archives ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkójọ PRONOM kalẹ̀ ní 2002, wọ́n sì ṣe DROID, tó ń lo àkójọ náà, ní 2005. PRONOM ń fún irú fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà: fmt/40 ni Word 97 sí 2003. Ọ̀fẹ́ ni DROID, ó lè yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wò lẹ́ẹ̀kan, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá ti gba àkójọ àmì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Ó tún máa ń tọ́ka sí fáìlì tí ìrù orúkọ rẹ̀ kò bá àmì rẹ̀ mu.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wá

Àmì kúkurú ló ń tanni jẹ jù. Lẹ́tà BM ni àmì àwòrán BMP, ṣùgbọ́n lẹ́tà lásán tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BM lè dà bí àwòrán lójú sọ́fíwìà. Dísíkì tó bàjẹ́ lè pàdánù báìtì 512 àkọ́kọ́ nínú fáìlì kan, àmì rẹ̀ á sì bá a lọ. Nígbà náà, ìdí fáìlì ni kí wọ́n wò: PDF sábà ń parí pẹ̀lú %%EOF, JPEG pẹ̀lú FF D9, ZIP sì ní 50 4B 05 06 nítòsí òpin rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àmì iwájú, gígùn fáìlì, ìdí rẹ̀ àti àwọn fáìlì tí wọ́n jọ wà nínú fódà kan gbọ́dọ̀ gbe ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ìtò iṣẹ́ náà

Kí wọ́n tó ṣí fáìlì kankan, wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo dísíkì kúrò lọ́wọ́ kíkọ. Lórí flọ́pì 3.5, ihò kékeré igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí; lórí 5.25, bíbò ni wọ́n ń bo ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe àwòkọ gbogbo dísíkì náà látòkèdélẹ̀, kí wọ́n ṣírò SHA-256 àwòkọ náà, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bí báìtì kankan bá yí padà, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn èyí ni DROID kàn. Èyí tí kò bá dá mọ̀, tàbí tó pè ní irú méjì, ni kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ ka báìtì rẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ló kàn: orúkọ fáìlì bí wọ́n ṣe bá a, nọ́ńbà PRONOM rẹ̀, ẹ̀dà àkójọ àmì tí wọ́n lò, ọjọ́ àyẹ̀wò, àti ẹ̀rí tí ìpinnu dúró lé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó lè ṣe ẹ̀dà fún kíkà, bíi PDF/A, tó di ìlànà ISO ní 2005. Ẹ̀dà yìí kò rọ́pò fáìlì àkọ́kọ́. Àkójọ àmì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, fáìlì tí kò sẹ́ni tó dá a mọ̀ lónìí sì lè di mímọ̀ lọ́la, bí báìtì rẹ̀ bá ṣì pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bá a.