Kí A Má Ṣe Fi Ẹnikẹ́ni Sílẹ̀ Sẹ́yìn



Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2015, orílẹ̀-èdè 193 tí ń bẹ nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí ohun 17 tí wọ́n fẹ́ ṣe yọrí títí di ọdún 2030. Ọmọ Nàìjíríà kan, ìyáàfin Amina Mohammed, ló jẹ́ olùdámọ̀ràn ọ̀gá àgbà Àjọ náà lórí ètò yìí láti ọdún 2012 títí di ọdún 2015. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.

Èkínní ni kí òṣì kásẹ̀ nílẹ̀. Èkejì, kí ebi tán. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ. Ẹ̀karùn-ún, kí obìnrin rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà bí ọkùnrin. Ẹ̀kẹfà, omi mímọ́ àti ṣáláńgá. Ìlérí tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé a kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún ni a fẹ́ tẹnu mọ́ lónìí, nítorí àwa fúnra wa jẹ̀bi níbẹ̀. Nígbà tí a pín ajílẹ̀ kẹ́yìn, opó kan tò láti òwúrọ̀. Nígbà tó kàn án, orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú nìkan la bá nínú ìwé. A ní kí ó lọ mú ẹni tó ni orúkọ wá. Ìyá náà ní, “Ṣé kí n lọ hú u ni?” Ó sì lọ lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀, òun ló ti ń ro oko náà láti ọdún mẹ́ta. Àwa òṣìṣẹ́ la kọ orúkọ olórí ilé nìkan.

Ní ìlú wa, ẹbí lè jẹ́rìí pé lágbájá ló ni oko. Níhìn-ín tí a jẹ́ àlejò, ìwé ni ẹlẹ́rìí wa.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, a ó tún ìwé náà kọ. Kí ọkọ àti aya jọ wá. Ẹni tó ní ju ìyàwó kan lọ, kí ó mú gbogbo wọn wá. Kí àwọn opó wá fúnra wọn. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Àwọn bàbá kan ń bẹ̀rù pé ìyàwó yóò gba ilẹ̀ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Rárá o. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yín kò ní jìyà bí ọlọ́jọ́ bá dé.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé yìí. A ó kórè ire o.